Òfin Ọjọ́ Mẹ́rìnlá: Ìwé Àṣẹ Kò Gbọdọ̀ Di Pàkúté

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ní abúlé, ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lónìí kan ilé gbogbo wa. Láti Òkè-Àdó níhìn-ín títí dé Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ẹ̀jìgbò, agboolé tí kò ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìdálẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Bí ọmọ náà bá ṣí kúrò nínú yàrá kan bọ́ sí òmíràn ní ilẹ̀ òkèèrè, ìjọba ibẹ̀ lè máa retí pé kí ó kọ̀wé sọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ òbí kò mọ èyí, àwọn tí ó sì yẹ kí ó là wọ́n lọ́yẹ̀ dákẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà rú ẹnikẹ́ni lójú, a kò lòdì sí i pé kí onílé mọ ibi tí àlejò rẹ̀ sùn. Àwọn baba wa pàápàá a máa mú àlejò lọ fojú han baálẹ̀. Ohun tí a lòdì sí ni òfin tí ó ń béèrè ìwé láìṣí ilẹ̀kùn ibi tí a ti ń gbà á. Òfin tí ó sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó wá jí lójijì ní ọjọ́ tí ìjọba ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Irú òfin bẹ́ẹ̀ kò sí fún kíka ènìyàn. Pàkúté ni.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 1969. Láti ayé ìjọba òyìnbó ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ṣakí àti Ìnísà ti ń lọ ṣòwò ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó ń pàṣẹ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Wọ́n pàtẹ ní Accra, ní Kumasi àti ní Tamale; wọ́n kọ́lé; wọ́n bímọ tí kò mọ ilé baba rẹ̀ rí. Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní 1957, tí Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní 1960, gbogbo wa jó, a yọ̀. Ṣùgbọ́n òmìnira tí a jó sí náà ni ó sọ aládùúgbò di àjèjì. Òfin Gánà ti 1963 béèrè ìwé àṣẹ àtigbé ìlú lọ́wọ́ àjèjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa kò gbà á, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Dókítà Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé náà gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò nílùú. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ẹni tí kò ní pásípọ́ọ̀tù ní láti kọ́kọ́ wá ìwé lọ́wọ́ aṣojú Nàìjíríà, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà nílé, kí ó tó lọ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba Gánà. Ọ́fíìsì méjì, ìlà gígùn méjì, ọjọ́ mẹ́rìnlá péré. Ta ni ó lè bọ́ nínú rẹ̀? Àwọn ènìyàn wa ta ọjà ní iye tí ẹni tí ó fẹ́ rà á bá pè. Wọ́n fi gbèsè tí a jẹ wọ́n sílẹ̀. Wọ́n kó ọmọ àti aya sínú ọkọ̀, wọ́n sì padà sí ilé tí àwọn mìíràn nínú wọn kò dé rí.

Kí ni Gánà rí jẹ nínú rẹ̀? Gbèsè ti wọ ìjọba ibẹ̀ lọ́rùn kí ó tó lé àwọn àlejò, iṣẹ́ kò sì sí fún àwọn ọ̀dọ́. Gbèsè náà kò bá àwọn Yorùbá wọ ọkọ̀. Àwọn àgbẹ̀ kòkó Gánà fúnra wọn wá lébìrà tì. Ní oṣù Kejìlá 1971 ni ìjọba já iye owó ilẹ̀ náà wálẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1972 ni àwọn ológun lé Busia kúrò lórí oyè. Ẹni tí ó lé àlejò kò lé ìṣẹ́.

Bí a bá dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀, alábòsí ni wá. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní Nàìjíríà ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà! Ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó kó ẹrù, àwọn ará Gánà ni ó sì pọ̀ jù. Àpò onílà tí à ń pè ní “Ghana Must Go” wà nínú iyàrá wa di òní olónìí, ẹ̀rí sì ni lára wa. Òótọ́ ni pé àdéhùn ECOWAS ti 1979 kò fún àlejò ju àádọ́rùn-ún ọjọ́ lọ láìgba ìwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà tí wọ́n fi jẹ wá ní Kumasi, ṣé ó di oògùn nígbà tí a gbé e dé Èkó? Ní 1985 a tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ má ṣe rò pé ìtàn àtijọ́ ni èyí. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìforúkọsílẹ̀ àjèjì ti wà láti 1940. Àlejò tí ó bá ṣí kúrò nílé kan gbọ́dọ̀ fi àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Apá kan òfin náà sùn bí ejò tí ó ká sábẹ́ ẹní. Ní oṣù Kẹrin 2025 ni ìjọba ibẹ̀ jí i: àjèjì tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti pé ọdún méjìdínlógún gbọ́dọ̀ máa mú ẹ̀rí rẹ̀ rìn.

Ní Ìlú Ọba ńkọ́? Àwọn ọmọ ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti jọba lé lórí, tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ kí ọdún 1973 tó dé, ní ẹ̀tọ́ láti dúró, bí wọn kò tilẹ̀ ní ìwé. Ní 2010, wọ́n pa káàdì tí a fi kọ orúkọ àwọn kan nínú wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ run. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń bi wọ́n léèrè ẹ̀rí. Nígbà tí àṣírí tú ní 2018, àwọn kan ti pàdánù iṣẹ́ àti ilé, wọ́n sì ti lé àwọn mìíràn kúrò nílùú. Ẹni tí ó fa ìwé ya ni ó ń béèrè ìwé!

Nítorí náà, ohun tí àwa ń béèrè nìyí. Èkíní, kí ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí gbogbo ilé aṣojú wa ní òkèèrè kọ orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn ọmọ wa sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fún wọn ní pásípọ́ọ̀tù ní àkókò, láìgba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìjọba tí kò mọ iye ọmọ rẹ̀ ní ìdálẹ̀ kò lè gbà wọ́n sílẹ̀ ní ọjọ́ ibi.

Èkejì, kí àṣẹ ọ̀sẹ̀ méjì di èèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ní oṣù Keje 2019, ìjọba ṣí ètò ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn àjèjì, ó sì fún wọn ní oṣù mẹ́fà láìsí ìtanràn. A yìn ín, nítorí òótọ́ kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú. Ṣùgbọ́n mélòó nínú ẹ̀yin àgbẹ̀ ni ó gbọ́? Kí irú rẹ̀ máa dé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, ní èdè tí lébìrà gbọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ọ̀dọ̀ yín ni a dé báyìí. Àwọn ará Kútọnu àti Tógò ń bá yín roko, wọ́n ń bá yín ká kòkó. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ títí ìkórè fi parí, tí ó wá ń fi ìmígíréṣọ̀n dẹ́rù bà wọ́n kí ó má baà san owó wọn, olè ni, ẹgbẹ́ wa kò sì ní gbèjà rẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù lébìrà kì í ṣe ohun ìdógò.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá pè yín láti òkèèrè, ẹ má ṣe béèrè owó nìkan. Ẹ bi í bóyá ó ti fi àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́, bóyá ó sì tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀. Ní Ìlú Ọba, orí ẹ̀rọ ni ẹ̀rí ìgbélùú ọ̀pọ̀ wọn wà báyìí. Ẹni tí ó bá gbàgbé rẹ̀ lè pàdánù iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955 kò wà fún kíka orúkọ lásán. Ó wà kí ọmọ wa lè ka òfin kí òfin tó ká a mọ́.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé wọ́ọ̀dù yín, ẹ sì bi ẹnikẹ́ni tí ó bá wá tọrọ ìbò yín pé: ọjọ́ mélòó ni ìwọ yóò fún àlejò, kí sì ni o ti ṣe fún ọmọ wa tí ó jẹ́ àlejò níbòmíràn?

Akọ̀wé Ìkéde Ẹgbẹ́,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.