Kì í Ṣe NEPA Ló Ń Pa Gbogbo Server

Bí server bá kú lójijì ní ọ́fíìsì kan ní Ago Palace Way, tó sì tún fúnra rẹ̀ tan, ẹjọ́ ti parí kí ẹnikẹ́ni tó dìde lórí àga: NEPA ni. Orúkọ náà ò tíì kúrò lẹ́nu ará Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti di PHCN láti ọdún 2005, tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni sì ti ń pín iná láti oṣù kọkànlá ọdún 2013. Ẹ̀sùn ọ̀hún kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Lọ́dún 2024 nìkan, grid orílẹ̀-èdè yìí wó ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Àwọn tó tiẹ̀ ń san owó Band A, tí wọ́n ṣèlérí iná ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́ fún, wákàtí mẹ́rin tó kù tó láti pa server wọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Àmọ́ ẹjọ́ tí wọ́n dá láì gbọ́ tẹnu ẹlẹ́rìí máa ń náni lówó. Wọ́n á ra UPS tuntun. Wọ́n á pààrọ̀ pawa pákì. Bó bá tún kú, ẹnìkan á ní kí wọ́n kúkú format rẹ̀. Ìyẹn ló burú jù, nítorí ẹlẹ́rìí gan-an ni wọ́n pa yẹn.

Server máa ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Lórí Windows, inú Event Viewer ló ń kọ ọ́ sí. Nọ́ńbà 41 tí wọ́n sábà máa ń rí níbẹ̀ kò sọ ju pé ẹ̀rọ náà kò pa bó ṣe yẹ kó pa lọ. Ọ̀pọ̀ á dúró síbẹ̀, wọ́n á kígbe NEPA. Kí wọ́n ṣí i wò: BugcheckCode wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ 0, ó ṣeé ṣe kí iná ti já lóòótọ́, tàbí kí ẹ̀rọ ti dì gbagidi, kí ẹnìkan sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí kò bá jẹ́ 0, Windows fúnra rẹ̀ ló ṣubú. Iná wà ní tirẹ̀ níbi tó wà. Bó bá sì jẹ́ 1074 ni wọ́n bá níbẹ̀, ẹnìkan tàbí update ló pàṣẹ kó tún tan. Àǹjọ̀nú tó ń tan server láago mẹ́ta òru, update ni lọ́pọ̀ ìgbà. Lórí Linux, bí àkọsílẹ̀ bá wà lórí díìskì, journalctl -b -1 á gbé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ẹ̀rọ náà sọ kó tó kú jáde. Àwọn server tó ní iDRAC tàbí iLO, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ server láti inú rẹ̀, tún ní àkọsílẹ̀ tiwọn lọ́tọ̀, tí format kò lè pa.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Níbi tí ìnfátà bá ti ń gbé server ní Ajao Estate tàbí Mafoluku, tí kò sì lágbára láti gbé AC, NEPA á mú iná lọ, server ò ní mira. Yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ní Amẹ́ríkà, ní kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ server wà láàárín 18 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius; yàrá yìí ti kọjá bẹ́ẹ̀ tipẹ́, eruku ojú títì Apapa sí Oshodi sì ti dí fáànù. Nígbà tó bá yá, CPU á gbóná kọjá ààlà, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Iná ti lọ, server ti kú, ta ni kò ní bú NEPA? Ooru ló sì pa á. UPS tí wọ́n bá tún rà, ńṣe ni yóò jẹ́ kó pẹ́ sí i nínú ooru náà.

Software náà máa ń pa ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, fáìlì kan ṣoṣo tí CrowdStrike, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, fi ránṣẹ́ mú kí kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 kárí ayé ṣubú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kú, tí wọ́n ń tan, tí wọ́n tún ń kú. Kì í ṣe NEPA ló pa wọ́n.

Àwọn kan á ní àwọn ò ráyè ka log, ìyẹn àkọsílẹ̀ server, oníbàárà ń dúró. Kíka log kò pẹ́ tó kí ènìyàn lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà lọ ra pawa pákì. Ohun tó ń da log rú ni aago. Bí bátìrì CR2032 tó wà lórí motherboard bá ti kú, ìgbàkígbà tí iná bá lọ, aago á padà sẹ́yìn, kò sì ní sí bí wọ́n ṣe máa fi àkókò ikú server wé àkókò tí iná lọ. Kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì náà. Kí wọ́n so ìwé kan mọ́ ògiri, kí wọ́n máa kọ ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tó dé sí i. Ẹni tó bá sì ní kí wọ́n format server láì tíì ka log, kí wọ́n má sanwó iṣẹ́ fún un.