Ẹ Má Fojú Kékeré Wo Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé ìròyìn, kí ó jẹ ọbẹ̀ láìsí ewé kan nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì wo ohun tí ará ilé rẹ̀ yóò wí.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa ní Agége níhìn-ín, tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì mi. Orí ilẹ̀ òfìfo kan tí kò ju púlọ́ọ̀tì méjì lọ ni ó ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú. Nínú ẹ̀fọ́ yìí ni ó ti ń san owó ilé, tí ó sì ń ra ìwé àti bàtà fún ọmọ mẹ́ta. Ẹnu lásán ni òun àti onílẹ̀ fi ṣe àdéhùn. Ní ọjọ́ kan ó wá bá mi ní ilé-ìwé, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìwé tí èmi àti onílẹ̀ yóò jọ fọwọ́ sí, pé bí ó bá fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀, kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó èyí tí ó wà nílẹ̀." Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n parí ìwé ìdánwò tí mò ń máàkì ná."

Ìdánwò parí, n kò kọ ìwé. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, tìpà ti da yanrìn sórí ewédú tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a fà. Owó irúgbìn tí ìyá yìí yá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Onílẹ̀ ni ó ni ilẹ̀ rẹ̀, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ìwé kan péré, tí kò lè gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ìbá gba ewédú yẹn là. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí títí di òní.

Àwọn ọmọ ìwòyí rò pé ilé-iṣẹ́ àti búrẹ́dì nìkan ni a fi mọ apá ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Oko ni Agége kí ó tó di ìgboro. Ní nǹkan bí 1880 ni J. P. L. Davies ti gbin kòkó sí oko rẹ̀ lẹ́bàá Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker dá oko ńlá ní Ìfàkọ̀, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Àwọn lébìrà tí ó ti òkè wá ṣiṣẹ́ ní oko wọ̀nyí mú irúgbìn kòkó àti ọgbọ́n rẹ̀ lọ sí ìlú wọn. Lẹ́yìn náà ni obì gbàǹja gbòde, tí à ń kó o lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Láàárín 1950 sí 1960 ni ìjọba Western Region ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkejà, ilé sì bo oko mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Oko ńlá kò lè padà wá mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kò bèèrè oko ńlá. Kòkó a máa gba ọdún bíi mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so. Tẹ̀tẹ̀ tó fà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí omi bá wà, ebè kan náà yóò mú èrè wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ọdún, pàápàá ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ̀fọ́ a máa wọ́n. Ẹ wo Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ẹ̀. Ní 1985, Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ oko Songhai níbẹ̀ lórí hẹ́kítà kan. Wọn kì í da nǹkan kan nù: ìgbẹ́ adìẹ ń mú ìdin wá fún ẹja, omi ẹja sì ń lọ sí ìdí ẹ̀fọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ lọ sí abúlé wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nítorí náà, ẹ gba ìmọ̀ràn mi:

Èkíní, ẹ má fi omi gọ́tà ilé-iṣẹ́ bomi rin ẹ̀fọ́. Òjé àti májèlé mìíràn lè wà nínú rẹ̀. Ewé a fà á mu, sísè kò sì lè mú un kúrò. Ẹ̀yin tí ń rà láti tún tà, ẹ lọ fojú yín rí omi tí ẹlẹ́fọ̀ọ́ yín ń lò.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí ebè fẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ lè dé láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó ewé. Ẹ jẹ́ kí ó jẹrà dáadáa kí ẹ tó lò ó.

Ẹ̀kẹta, ẹ di irúgbìn ewédú sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi gbígbóná fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ tó gbé e sínú omi tútù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní hù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má gbin ohunkóhun sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìsí ìwé àti ẹlẹ́rìí. Ẹ̀yin tíṣà, àwa ni a mọ ìwé kọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin aláàjọ, ẹ rántí ẹlẹ́fọ̀ọ́ nígbà tí ẹ bá ń yáni lówó. Owó irúgbìn kò tó nǹkan, kì í sì í pẹ́ padà.

Ìyá ọjọ́sí ti rí ilẹ̀ mìíràn. Èmi ni mo kọ ìwé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ni ó kà á sí i létí kí ó tó tẹ̀ka. Ó ń kọ ebè lọ́wọ́. Bí ẹ bá kọjá, ẹ ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì nájà náà jù.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.