Wákàtí Kan Lóòjọ́ fún Àwọn Ọmọ Wa
Sí ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin aṣojú wa ní Adó-Odò/Ọ̀tà

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí òfin pàṣẹ fún gbogbo iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ènìyàn ń wò lọ́fẹ̀ẹ́ pé, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, láàárín aago mẹ́rin sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wákàtí kan gbáko gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ètò tó ń kọ́ ọmọdé lẹ́kọ̀ọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ìdajì rẹ̀, ó kéré tán, jẹ́ lédè Yorùbá. Iléeṣẹ́ tí kò bá ṣe é, kí wọ́n bi í léèrè lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tún ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà.

Ẹni tó bá mọ Sàngó, Ìjù, Àtàn àti Agbárá mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára. Iṣẹ́ iléeṣẹ́ ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wa wá síbí. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 526,565 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, ẹni tó bá sì gba ojú ọ̀nà Ìdìrókò kọjá láàárọ̀ mọ̀ pé a ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá ti ibi iṣẹ́ òru dé, oorun ló ń sùn. Ọmọ ti ilé ìwé dé, ó bọ́ aṣọ, ó rẹ gààrí mu, ẹ̀gbọ́n tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ ni alágbàtọ́ àbúrò. Kì í ṣe pé àwọn òbí wọ̀nyí ya ọ̀lẹ tàbí pé wọn kò bìkítà. Oúnjẹ ni wọ́n ń wá.

Ẹ wọ ilé oníyàrá méjìlá kan ní Sàngó nírọ̀lẹ́, lásìkò tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ariwo á sọ láti ẹ̀yìnkùlé, kí ó sì tó rọlẹ̀, ọmọ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ á ti kún yàrá ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á fìdí kalẹ̀ sórí táápólì, ojú wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀rọ. Kí ni wọ́n ń wò? Ìpolówó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Oògùn jẹ̀díjẹ̀dí àti ti agbára ọkùnrin. Fíìmù tí wọ́n ti ń fi àdá lé ara wọn. Mo ti gbọ́ ọmọ ọdún márùn-ún kan tó ka nọ́ńbà fóònù alágbo kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣi ẹyọ kan, tí kò sì tíì lè ka oókan dé ogún. Kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ ọmọ náà. Ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ló mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ wa. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá WNTV sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ẹ̀kọ́ wà lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, WNTV sì ń gbé ètò jáde fún àwọn ilé ìwé. Nígbà tó yá, NTA, tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, gbé ètò àlọ́ Tales by Moonlight jáde láti ọdún 1984. Olóògbé Jímì Ṣólàńkẹ́, ọmọ Ìpara Rẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ wa yìí, sì pa àlọ́ fún ọmọ gbogbo Nàìjíríà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní nǹkan bí ọdún 2011, ètò ọmọdé Sesame Square dé orí NTA, owó àjọ USAID ti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é. Ètò tó dára ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ètò tó bá dúró lórí inú rere ẹnì kan, tàbí lórí owó àlejò, ọjọ́ tí ẹni náà bá lọ ni ètò náà ń tẹ̀ lé e.

Àjọ NBC, tí òfin ọdún 1992 gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ní ìlànà tó sọ pé ohun tí kò yẹ ọmọdé kò gbọ́dọ̀ jáde kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí wọ́n má fún ọmọ ní májèlé kò tíì fún un lóúnjẹ. Ìlànà kan náà ló ní kí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ètò tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ jẹ́ èyí tí a ṣe nílẹ̀ wa. Àjọ tó lè ka ìdá 60 lè ka wákàtí kan lóòjọ́.

Àwọn kan á ní ẹni tó ní iléeṣẹ́ ló mọ ohun tí ó fẹ́ gbé jáde. Rárá o. Abala 39 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ ọ́ gbangba: yàtọ̀ sí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún láṣẹ. Ohun gbogbo wa ni afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń gbà. Ẹni tí a fún ní ohun gbogbo wa lò, ó yẹ kó san nǹkan padà fún àwọn ọmọ wa.

Amẹ́ríkà ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú wa, ó sì yẹ kí á wo ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀. Lọ́dún 1990 ni wọ́n ṣe òfin tẹlifíṣọ̀n ọmọdé. Ó dín ìpolówó kù sí ìṣẹ́jú méjìlá nínú wákàtí kan lọ́jọ́ iṣẹ́, mẹ́wàá àbọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ó sì ní kí ètò ẹ̀kọ́ wà, ṣùgbọ́n kò sọ iye wákàtí. Kíá ni àwọn iléeṣẹ́ kan ti kọ̀wé pé eré ẹ̀fẹ̀ bíi The Jetsons jẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Ìgbà tó di ọdún 1996 ni àjọ FCC, tó ń bójú tó tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, tó fi òǹkà sí i: wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ètò kọ̀ọ̀kan gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Síbẹ̀, iléeṣẹ́ Univision ka eré àtìgbàdégbà kan, èyí tó dá lórí àwọn ọmọbìnrin ìbejì, mọ́ ètò ẹ̀kọ́ ọmọdé. Nígbà tó di ọdún 2007, ó san mílíọ̀nù 24 dọ́là láti fi yanjú ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 2019, wọ́n tún dẹ òfin náà, wọ́n jẹ́ kí ètò ọmọdé lè bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwa fi dárúkọ aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí a sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wà lára ìgbìmọ̀ tí yóò sọ ohun tó jẹ́ ẹ̀kọ́. Láàárọ̀, ọmọ Ọ̀tà ń múra ilé ìwé, iná ò sì dájú.

Kí ló dé tí a fi tẹnu mọ́ Yorùbá? Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ náà mọ̀wé ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ní Tanzania lónìí, ètò Ubongo Kids ń fi èdè Swahili kọ́ ọmọ ní ìṣirò lórí tẹlifíṣọ̀n. A kò ṣàìmọ̀ pé ọmọ Ègùn, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Haúsá wà láàárín wa ní Sàngó, ìdí nìyí tí a fi ní ìdajì.

Ètò náà kò sì nílò owó gọbọi. Ọmọ Ọ̀tà ń kọjá níwájú iléeṣẹ́ irin lójoojúmọ́, kò mọ bí àlòkù irin ṣe ń yọ́ di ọ̀pá irin ìkọ́lé. Kámẹ́rà kan, olùkọ́ kan àti òṣìṣẹ́ kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè fi hàn án ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ kó wọn lọ sí Adó-Odò lọ́la, kí àgbà kan sọ ìtàn ìlú náà. Ẹ fi ọjọ́ kejì ka òǹkà Yorùbá.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé fóònù ti dé. Fóònù ìyá ti bá a lọ síbi iṣẹ́, owó dátà kò sì sí nílé.

Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ yìí pín sí. Nọ́ńbà 66 nínú àkójọ agbára tí òfin orílẹ̀-èdè wa fún ìjọba àpapọ̀ nìkan fi ọ̀rọ̀ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sọ́wọ́ Àbújá, ṣùgbọ́n ó yọ èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá dá sílẹ̀ kúrò. Nítorí náà, Àbújá ló lè pàṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, pẹ̀lú àwọn ti Èkó tí eríà wa ń gbà. Ṣùgbọ́n OGTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba ìpínlẹ̀ wa, tiwa ni. Lọ́dún 2020, nígbà tí kòrónà ti ilé ìwé pa, OGTV ló gbé ẹ̀kọ́ DigiClass jáde fún àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn. Ohun tó ṣeé ṣe nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kò lè di èèwọ̀ nígbà àlàáfíà. Gómìnà lè pàṣẹ rẹ̀ lónìí láìdúró de NBC.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbé ìwé yìí dé ìpàdé òbí àti olùkọ́, dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́tà àti àwọn baálẹ̀, dé ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ buwọ́ lù ú. Ẹ fi ránṣẹ́ sí aṣojú-ṣòfin Adó-Odò/Ọ̀tà ní Àbújá àti àwọn méjèèjì tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Abẹ́òkúta. Bí wọ́n bá sì tún wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: wákàtí àwọn ọmọ wa dà?