Àgbò Tó Dára Jù Là Ń Tà

Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí àgbò gidi tó lè fara pamọ́ láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà ní Benin. Dassa-Zoumè ni títì tó ti Kútọnu bọ̀ ti pín sí méjì, ọ̀kan lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou lọ sí Natitingou, nítorí náà ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ẹran kì í wọ́n níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò fọwọ́ tẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹran wà níbẹ̀, yóò ya ẹnu rẹ̀ wò bóyá ó ti pààrọ̀ eyín iwájú, yóò wo ojú, ìwo àti ẹsẹ̀, torí ẹran tó fọ́jú tàbí tó yarọ kò ṣeé fi ṣọdún. Èyí tó bá yege, ó di inú ọkọ̀. Owó iléèwé ọmọ jáde nìyẹn.

N kò bá ẹni tó tà á wí. Èyí tó kù nílé ló ń kọ mí lóminú. Àgbò tí oníbàárà kọ̀, tí kò tètè dàgbà, òun ni yóò máa gun abo lẹ́yìn ọdún. Oṣù márùn-ún péré ni oyún àgùntàn, kí Iléyá mìíràn tó dé, ọmọ rẹ̀ ti wà káàkiri agbo. Nínú agbo tí kò ju abo mẹ́fà lọ, ọmọ agbo náà ni àgbò ọ̀hún sábà máa ń jẹ́, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ ló sì ń gùn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà lágbára.

Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò ẹni tó ni àgbò rere. Lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí wọ́n bá tú ẹran sílẹ̀, àgbò rẹ̀ a máa gun abo gbogbo àdúgbò. Ẹni tó ni ín ló ń wá èèpo iṣu àti ewé ẹ̀pà fún un, òun ló ń ra iyọ̀ àti oògùn. Aládùúgbò ló ń kó ọmọ. Kódà níbi tí èèyàn ti gba abo ẹlòmíràn sìn, ọmọ ni wọ́n ń pín, ta ló ń béèrè baba? Ká ní oníbàárà fi 80,000 sẹ́fà lọ̀ ọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì fún un ní kọ́bọ̀ kó má tà á, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Kí agbo lè dára sí i, àwọn kan ní ká lọ mú àgbò gìrìwò láti ilẹ̀ Sahel. Èmi ò fara mọ́ ọn. Djallonké, àgùntàn ìbílẹ̀ wa, kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fara da àìsàn tí eṣinṣin tsétse ń kó ran ẹran, èyí tó ń dá ẹran Sahel wó. Abo kékeré tó bá sì lóyún fún àgbò ńlá lè rí ìyọnu lọ́jọ́ ìbí.

Ní 1983, Côte d'Ivoire bẹ̀rẹ̀ ètò kan: wọ́n ń ṣa ọmọ àgbò Djallonké tó ń yára dàgbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń tọ́ wọn ní Bouaké, wọ́n sì ń dá èyí tó dára jù padà sínú agbo láti máa bímọ. Àwa náà ní oko ẹran ìjọba ní Bétécoucou, lábẹ́ Dassa-Zoumè níbí. Àmọ́ kò di dandan ká dúró de ìjọba. Àgbò kan tó abo ogún. Ilé mẹ́rin tó ní abo márùn-ún-márùn-ún lè dáwó ra ọ̀kan. Kí wọ́n san nǹkan fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lórí abo kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n so àwọn akọ yòókù mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n tẹ̀ wọ́n lọ́dàá. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ abo bá ti ń tó gùn, kí wọ́n fi àgbò náà ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ti abúlé mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni yóò dán wọn wò. Bó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló ni àgbò, yóò lọ. Bó bá jẹ́ ti ilé mẹ́rin, ẹni tó ń sìn ín á kàn sọ fún oníbàárà pé òun nìkan kọ́ ló ni ín, kó lọ bi àwọn mẹ́ta yòókù léèrè.