Alárinà Kọ́: Orúkọ tí ó Yẹ Ẹ̀rọ tí ń Gba Iṣẹ́ Jẹ́ láàrin Kọ̀ǹpútà

Bí a bá ní kí atúmọ̀-èdè kan wá orúkọ Yorùbá fún ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "middleware", ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé alárinà ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Kò sì yani lẹ́nu. Àárín ni nǹkan náà wà, àárín ni alárinà pẹ̀lú ń gbà rìn. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu, ó dùn létí, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó dùn létí lè mú akẹ́kọ̀ọ́ ṣìnà ju ọ̀rọ̀ tí kò dùn lọ, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní fura sí i. Bí a bá yẹ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe wò fínnífínní, a óò rí i pé alárinà kò bá a mu, àti pé ibi tí kò ti bá a mu gan-an ni ibi tí owó ènìyàn ti lè sọnù.

Báǹkì ńlá kan tó láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni irú báǹkì bẹ́ẹ̀ ń lò. Ọ̀kan ń tọ́jú àkáǹtì àwọn oníbàárà. Òmíràn ń bójú tó káàdì tí wọ́n fi ń gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ. Òmíràn ń ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Òmíràn ń ṣọ́ àwọn oníjìbìtì. Òmíràn sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù bí owó bá wọlé tàbí bí ó bá jáde. Oníbàárà kì í fojú kàn wọ́n. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n wà. Ọ̀tọ̀ ni ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀tọ̀ ni ọdún tí wọ́n ṣe é, ọ̀tọ̀ sì ni èdè tí ó gbọ́. Bí a bá fẹ́ kí olúkúlùkù máa bá olúkúlùkù sọ̀rọ̀ tààrà, ètò 10 yóò gba ọ̀nà 45. Bí wọ́n bá di 20, ọ̀nà náà di 190. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá wà láàrin tí gbogbo wọn ń rán níṣẹ́, ọ̀nà 20 péré ni ètò 20 nílò. Ìṣirò yìí ni ó bí ẹ̀rọ náà.

Ọ̀kan tí ó lókìkí nínú irú rẹ̀ ni èyí tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní ọdún 1993 pẹ̀lú orúkọ MQSeries. Ní 2002 wọ́n sọ ọ́ di WebSphere MQ. Ní 2014 wọ́n tún sọ ọ́ di IBM MQ. (Àwọn tí ó ṣe é gan-an kò ka orúkọ sí ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, kí ló dé tí àwọn atúmọ̀-èdè yóò fi máa bẹ̀rù àtiyí orúkọ padà?) Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ètò tí ó fẹ́ ránṣẹ́ kì í pe ètò kejì. Ó ń gbé iṣẹ́ náà lé alábòójútó tí ó wà nínú ilé tirẹ̀ lọ́wọ́. Alábòójútó náà a kọ ọ́ sílẹ̀ sínú dísìkì, a ní òun ti gbà á, ètò tí ó ránṣẹ́ a sì bá tirẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti sàmì sí iṣẹ́ náà pé kò gbọdọ̀ ṣègbé, bí iná tilẹ̀ lọ, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ kú, a óò bá a níbẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Bí ètò kejì bá ń sùn, iṣẹ́ náà a dúró dè é. Alábòójútó ti ìhà ìhín kò sì ní pa á rẹ́ lọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí alábòójútó ti ìhà ọ̀hún yóò fi jẹ́rìí pé òun ti fi í pamọ́.

Ta wá ni alárinà? Nínú ètò ìgbéyàwó Yorùbá, òun ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin, tí ó ń wádìí ìdílé, tí ó ń mú ọ̀rọ̀ ìhín lọ sí ọ̀hún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ní òpin. Àwọn àgbà ní bí ojú bá ti mọ ojú tán, alárinà a yẹ̀ba. Alárinà tí kò bá yẹ̀ba, ìjà ni yóò dá sílẹ̀ nínú ilé onílé. Gbogbo làálàá rẹ̀ ni kí àwọn méjì pàdé, kí wọ́n má sì nílò òun mọ́. Ẹ̀rọ tí à ń wá orúkọ fún kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: kò fẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé láéláé. Ètò àkáǹtì kò mọ ibi tí ètò káàdì ń gbé, kò sì yẹ kí ó mọ̀, nítorí pé bí wọ́n bá pààrọ̀ ètò káàdì lọ́la, ètò àkáǹtì kò gbọdọ̀ gbọ́ ìró rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ní alárinà tirẹ̀. Ètò orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1983, iṣẹ́ alárinà gan-an ni ó ń ṣe: kọ̀ǹpútà kan a bi í pé níbo ni lágbájá ń gbé, òun a sọ àdírẹ́sì fún un, a yẹ̀ba, àwọn méjèèjì a sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Òun ni orúkọ alárinà tọ́ sí. Bí a bá ti ná orúkọ náà fún ohun mìíràn, kí ni a óò pè é nígbà tí ó bá kàn án?

Alágbàtà sàn díẹ̀. Ó ń gba ọjà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó ń tà á fún ará ìlú, àgbẹ̀ àti ará ìlú kì í sì í rí ara wọn. Ṣùgbọ́n alágbàtà ń jèrè. Iye tí ó rà á kọ́ ni iye tí ó ń tà á. Ẹ̀rọ tí ó bá fi kọ́bọ̀ kan lé iye tí wọ́n fi rán an, wọn yóò gbé e dànù ni.

Ògbufọ̀ wúlò fún apá kan iṣẹ́ náà, apá náà sì tóbi. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ káàdì, ISO 8583, tí ó jáde ní 1987, máa ń kọ iye owó ní ẹyọ nọ́ńbà 12, ní owó tí ó kéré jù lọ ní ìlú tí owó náà ti ń jáde. Náírà 5,000 yóò di 000000500000, nítorí pé kọ́bọ̀ ni wọ́n fi kà á. Bí ètò tí ń gba iṣẹ́ náà bá ń ka náírà, tí ẹni tí ó ṣètò ẹ̀rọ kò sì sọ fún un pé kí ó fi 100 pín in, náírà 5,000 ti di 500,000 nìyẹn. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òfin tí ó yẹ ògbufọ̀ inú ẹ̀rọ nìyí: aṣọ ọ̀rọ̀ ni kí ó pààrọ̀, kí ó má fọwọ́ kan ara rẹ̀. Síbẹ̀ ògbufọ̀ kì í tọ́jú ọ̀rọ̀. Bí ẹni tí à ń gbufọ̀ fún kò bá sí nílé, iṣẹ́ ògbufọ̀ ti tán.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ọn jù lọ wà ní Ọ̀yọ́ àtijọ́. Àwọn òpìtàn ṣàlàyé pé ọba ìlú tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ kì í ṣàdédé bá Aláàfin sọ̀rọ̀. Ó ní ìjòyè kan ní olú-ìlú, bàbá kékeré rẹ̀, tí ìṣákọ́lẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ìjòyè yìí kì í yẹ̀ba. Ó mọ èdè ààfin, ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ àti ìgbà tí kò yẹ. Kò sí ohun tí ìbá wu ni bí kí a kàn gbé orúkọ náà lé ẹ̀rọ lórí. Ó ṣe ni láàánú pé lẹ́nu àwọn ènìyàn òde òní, àbúrò baba ẹni ni bàbá kékeré. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa bi olùkọ́ léèrè ohun tí mọ̀lẹ́bí ń wá nínú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù, tí ó sì yẹ, ni agbaṣẹ́jẹ́. Èdè ti ní agbaṣẹ́ṣe nílẹ̀, orúkọ tí gbogbo ènìyàn fi ń pe àwọn tí ń la títì tí wọ́n sì ń kọ́ ilé-ìwé fún ìjọba. Iṣẹ́ tí à ń ṣe àti iṣẹ́ tí à ń rán kò yàtọ̀ létí. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń yà wọ́n. À ń ṣe èyí, à ń jẹ́ tọ̀hún. Nítorí náà, bí a bá yọ ṣe kúrò tí a fi jẹ́ rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ tuntun náà ti túmọ̀ ara rẹ̀: ẹni tí ó gba iṣẹ́ tí ó sì jẹ́ ẹ. Kò sọ ibi tí ẹ̀rọ náà dúró sí, gbèsè tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ ni ó sọ. Láti ìgbà tí agbaṣẹ́ṣe bá ti fọwọ́ sí ìwé, ọrùn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ yìí bá ti ní òun gbà á, ọrùn rẹ̀ ni iṣẹ́ wà títí yóò fi jẹ́ ẹ. Àwọn kan lè fẹ́ àrokò dípò iṣẹ́. Àrokò dára fún iṣẹ́ tí wọ́n fi àṣírí dì, tí ẹni tí ó gbé e kò gbọdọ̀ mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀; ṣùgbọ́n ògbufọ̀ inú ẹ̀rọ kò lè pààrọ̀ aṣọ ohun tí kò lè ṣí.

Yóò sì wà lára àwọn olùkọ́ tí yóò ní kí wọ́n kúkú kọ ọ́ ní "mídúwíà" kí ẹ̀kọ́ máa lọ. Kò sí ohun tí ó burú nínú ọ̀rọ̀ àyálò. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà, a lè nawọ́ sí i fún un. Agbaṣẹ́jẹ́ kò ṣe é nawọ́ sí. A kò sì lè retí ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú ìdìpọ̀ rẹ̀ kìn-ín-ní ní 1984, nítorí pé èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni ìdìpọ̀ náà dojú kọ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ju àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ èdè lọ hàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí ìjọba pààrọ̀ owó, tí tolórí-tẹlẹ́mù sì sáré sí fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n yọ owó nínú àkáǹtì wọn tí owó náà kò sì dé ibi tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Oníbàárà a fi fóònù han ìyá ọlọ́jà pé owó ti lọ; ìyá ọlọ́jà a fi tirẹ̀ hàn pé kò tíì dé. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ohun tí kò sí lẹ́nu wọn ni ọ̀rọ̀ tí ó ya iṣẹ́ tí a ti gbà sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí a ti jẹ́. Ẹ̀rí ìgbaṣẹ́ ni kí a pe ti àkọ́kọ́: ọwọ́ agbaṣẹ́jẹ́ ni ó ti ń wá. Èsì iṣẹ́ ni ti èkejì: ọ̀dọ̀ ẹni tí a rán iṣẹ́ sí nìkan ni ó ti lè wá. Láàrin méjèèjì, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Olùkọ́ tí ó bá pe ẹni náà ní alárinà ti sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó lọ bi ọkọ àti ìyàwó léèrè, àwọn wọ̀nyí kò sì mọ nǹkan kan. Ẹni tí kò rí èsì a sì tún iṣẹ́ náà rán. Bí ẹni tí ń gbà á kò bá dá a mọ̀ pé ẹyọ kan náà ni, yóò sanwó lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú IBM MQ fi ní àmì ìdánimọ̀ báìtì 24, tí àyè mìíràn sì wà tí èsì lè fi tọ́ka sí iṣẹ́ tí òun ń dáhùn.

Agbaṣẹ́jẹ́ kì í ṣe onígbọ̀wọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn olè wọ inú ètò kọ̀ǹpútà báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ Bangladesh, wọ́n gba ọ̀nà SWIFT rán iṣẹ́ 35 sí báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní New York pé kí ó sanwó. SWIFT jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ti rán an, dọ́là mílíọ̀nù 81 sì bọ́ sọ́wọ́ olè ní Philippines. Ẹni tí ó jẹ́ iṣẹ́ kò yí i padà; ẹni tí ó rán an ni kì í ṣe ẹni tí ó pe ara rẹ̀.

Bí a bá ti gba agbaṣẹ́jẹ́, àwọn orúkọ yòókù yóò tẹ̀lé e. Ibi tí iṣẹ́ ń dúró sí ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "queue", ọ̀rọ̀ tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wá, tí ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn jẹ́ ìrù. Ìlà ni yóò wá síni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n nínú IBM MQ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ipò láti 0 dé 9, bí ẹni tí ó ṣètò rẹ̀ kò bá sì sọ ohun mìíràn, èyí tí ipò rẹ̀ ga jù ni yóò kọ́kọ́ jáde, ìbáà jẹ́ òun ni ó dé kẹ́yìn. Ìlà wo ni ẹni tí ó dé kẹ́yìn ti ń kọ́kọ́ rí epo rà, àfi èyí tí àwọn alágbára bá wà? Àká-iṣẹ́ sàn. Inú àká ni àgbẹ̀ ń kó àgbàdo sí kí òjò má baà bà á jẹ́. Òótọ́ ni pé àká kò fi hàn pé àwọn iṣẹ́ tí ipò wọn dọ́gba ń jáde bí wọ́n ti wọlé. Ṣùgbọ́n àbùkù yìí kéré sí ti ìlà, tí kò sọ rárá pé nǹkan kan wà ní ìpamọ́. Ohun tí iṣẹ́ ń gbà kọjá, ọ̀nà tó o, bí olùkọ́ bá ti lè rántí sọ pé ọ̀nà àlọ nìkan ni, àti pé èsì nílò ọ̀nà tirẹ̀.

Èyí tí ó léwu jù ni "dead-letter queue". Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ti yá a, níbi tí wọ́n ń kó lẹ́tà tí wọn kò rí ẹni tí ó ni ín sí. Bí a bá tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó di lẹ́tà òkú, etí Yorùbá yóò sì gbọ́ ọ bí ìwé ogún tí olóògbé kọ sílẹ̀. Iṣẹ́ náà kò kú. Ibi tí yóò dé sí ni kò rí, bóyá nítorí pé wọ́n kọ orúkọ àká tí kò sí, bóyá nítorí pé àká tí wọ́n rán an sí ti kún. Àká iṣẹ́-àìjẹ́ ni kí a pè é. Nínú IBM MQ, bí ẹni tí ó dá alábòójútó sílẹ̀ kò bá sọ nǹkan kan, òfo ni àyè tí ó yẹ kí wọ́n kọ orúkọ àká yìí sí máa ń wà. Bí ó bá gbàgbé láti kọ ọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò rí ibi dé sí lè dá ọ̀nà dúró, gbogbo èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ a sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá sì kọ ọ́, tí kò sí ẹni tí ń lọ wo inú àká náà ní àràárọ̀, owó ẹlòmíràn wà níbẹ̀ tí ó ń dúró.