Ilẹ̀ Tí A Bá Fi Háyà, Kí A Dá Ọjọ́ Ìpadàbọ̀ Rẹ̀

Ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, òun ni a bá láyé, òun náà ni a ó sì fi sílẹ̀ nígbà tí a bá re ibi àgbà á rè. Nítorí náà ni àwọn baba wa kò fi gbà pé ẹnì kan ṣoṣo lè fọwọ́ sọ̀yà pé tèmi nìkan ni, bí kò ṣe pé ó jẹ́ ti àwọn tí ó ti kú, ti àwa tí a wà láàyè, àti ti àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Ní ọdún 1921, nígbà tí Olóyè Amodu Tijani, Olúwa Èkó, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ dé iwájú àwọn adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí àwọn náà gbà ni pé ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa jẹ́ ti ìlú tàbí ti ẹbí.

Ní Ararọ̀mí-Òwu àti ní gbogbo ìgbèríko tí ó yí Ìkirè àti Apòmù ká, níbi tí kòkó, ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ ti ń bọ́ ilé, ẹni tí ń wá ilẹ̀ lónìí kò jọ ẹni tí ń wá a láyé ọjọ́un. Àlejò àtijọ́ a máa gbé obì àti ọtí dání, a máa bá wa jẹ, a máa bá wa mu, títí a ó fi fi ọmọ fún un. Ṣùgbọ́n ti òde òní lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí a kò mọ ojú ẹni tí ó ni ín, tí ó fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sórí ọgọ́rùn-ún éékà, tàbí tí ó fẹ́ ri òpó tẹlifóònù mọ́ inú oko wa. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ Òwu, ọmọ Asunkúngbadé, àti gbogbo ará agbègbè wa, fi ohun kan sọ́kàn: ẹni tí ó bá yá ènìyàn nílẹ̀ láìdá ọjọ́ tí yóò gbà á padà, ó ti tà á, láìgba owó rẹ̀.

Àwọn baba wa kì í dá ọjọ́, èyí kì í sì í ṣe àìgbọ́n. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbà, iṣu díẹ̀, epo díẹ̀, nígbà tí kòkó sì dé, kòkó tàbí owó, kì í ṣe nítorí àtijẹ, bí kò ṣe kí ẹni tí ń dáko má baà gbàgbé ẹni tí ó ni ilẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àlejò bá sì ń san án, tí kò sẹ́ onílẹ̀, òun, ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ ni yóò máa jẹ níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun ṣe Òfin Ìlò Ilẹ̀ ní 1978, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìṣákọ́lẹ̀ ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà là á mọ́lẹ̀ pé òfin náà kò pa ẹ̀tọ́ onílẹ̀ rẹ́ lórí ẹni tí ń sin ín ní ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ lórí oko kòkó yìí kan náà wà lára ohun tí ó dá wàhálà sílẹ̀ láàrin Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, aládùúgbò wa, tí ẹ̀jẹ̀ fi ṣàn láti 1997 títí di 2000. Àwa ará ìhín pàápàá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í kọ́ pé ọ̀rọ̀ kékeré a máa di ogun, nítorí àwọn òpìtàn sọ fún wa pé ìjà lórí atare ní ọjà Apòmù ni ó ru ogun tí ó fọ́n Òwu ká ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn.

Háyà yàtọ̀ sí ìṣákọ́lẹ̀: iye ọdún ni a ń fi ilẹ̀ háyà fún, kì í ṣe ìran. Ní 1988, nínú ẹjọ́ United Bank for Africa àti Tejumola, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ́ wa pé ohun márùn-ún ni ó gbọ́dọ̀ dájú kí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tó lè múlẹ̀: ẹni tí ń fúnni àti ẹni tí ń gbà, ilẹ̀ náà gan-an, iye ọdún, owó tí a ó máa san, àti ọjọ́ tí ọdún náà yóò bẹ̀rẹ̀. Iye ọdún àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn wa máa ń fojú fò dá, tí wọn a máa wí pé "títí yóò fi kórè tán" tàbí "láti ìgbà tí ó bá ti ráyè dé". Nígbà ogun Hitler, wọ́n gba ilé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé títí ogun yóò fi parí ni. Ní 1944 ilé ẹjọ́ wọn wí pé àdéhùn náà kò múlẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó lè mọ ọjọ́ tí ogun yóò tán nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ogún ọdún ń bọ̀ wá kọ̀la. Bí a bá kọ ogún ọdún, tí a sì kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n lónìí yóò mọ ọjọ́ tí yóò lọ gba ilẹ̀ baba rẹ̀.

Ta wá ni ó lè fi ilẹ̀ ẹbí háyà? Ẹnì kan kì í jẹ́ àwa dé. Láti ìgbà ìdájọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni ó ti dájú pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá fi ilẹ̀ ẹbí lélẹ̀ fún ẹlòmíràn láìsí ọwọ́ olórí ẹbí nínú rẹ̀, òfo ni; bí olórí ẹbí náà bá sì dá a ṣe láìfi ti àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ṣe, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n sì tú u ká. Ọ̀dọ́ tí ó lọ gba owó lọ́wọ́ àlejò ní kọ̀rọ̀ kò fún àlejò náà ní ohunkóhun, ó sì ti fi ojú ẹbí rẹ̀ gbolẹ̀.

Ní ti ìwé, òfin tí Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1959, tí àwọn ìpínlẹ̀ tí a yà lára rẹ̀ sì jogún, gbà kí a fi ẹnu lásán yá ilẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, bí ẹni tí ó gbà á bá ti wọ inú rẹ̀, tí ó sì ń san owó tí ó tọ́ sí i. Bí ó bá ju ọdún mẹ́ta lọ, ìwé àdéhùn elédìídì ni òfin ń bèèrè. Kí sọ̀fíyọ̀ wọn ilẹ̀ náà, nítorí pèrègún ààlà lè kú, odò sì lè yà. Kí a kọ ẹni tí yóò máa ká kòkó àti ọ̀pẹ tí ó wà lórí rẹ̀ sínú ìwé. Bí àgbà kan kò bá mọ̀wé, òfin ní kí a kà á sí i létí kí a sì túmọ̀ rẹ̀ fún un kí ó tó tẹ ìka, kí ẹni tí ó kọ ọ́ sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i bí ilẹ̀ náà bá jẹ́ ti ìgboro, ìjọba ìbílẹ̀ bí ó bá jẹ́ ti oko. Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ilẹ̀ òun ti wà ṣáájú 1978, nítorí ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989 ti fi hàn pé ẹni bẹ́ẹ̀ náà kò yọ sílẹ̀. Ó wá ku kí a san owó òǹtẹ̀ ìjọba, kí a sì fi ìwé náà sínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìpínlẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé àìfọkàntán ni gbogbo èyí, pé ó sì ń náni lówó. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò wọn, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ni a fi kọ́ àwọn ìlú wa. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ sọ ọ̀rọ̀ ẹnu náà yóò kú, àwọn ọmọ tí kò sí níbẹ̀ ni yóò sì jọ kojú ara wọn ní kóòtù, bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ ilẹ̀ a sì máa gùn ju ẹ̀mí ẹni tí ó pè é lọ. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Nítorí náà, mo bẹ olórí ẹbí gbogbo pé kí wọ́n pe ìpàdé kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó dé, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ wọn àti bí ó ṣe débẹ̀. Mo bẹ Kábíyèsí Akirè, Alápòmù àti Olówu pé kí wọ́n má ṣe jẹ́rìí sí àdéhùn ilẹ̀ kankan tí kò bá ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Mo sì bẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa pé kí wọ́n tẹ fọ́ọ̀mù àdéhùn háyà ilẹ̀ ní èdè Yorùbá, ní iye owó tí àgbẹ̀ lè san, nítorí òfin tí àgbẹ̀ kò lè kà kò lè gba oko rẹ̀ sílẹ̀ fún un.