Ta Ni Yóò San Owó Iná?

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòpin sí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́dún 2023, tí apá òṣìṣẹ́ kò ká owó ọkọ̀ mọ́, Gómìnà Godwin Obaseki ti Ìpínlẹ̀ Ẹdó dín ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń lọ sí ọ́fíìsì kù láti 5 sí 3 lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa ti ilé ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 2 yòókù. Mo gbóríyìn fún un, nítorí pé ó ṣèlérí iná mànàmáná àti okùn íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìlérí yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bí kò bá sí iná, owó tí a kò fi wọ ọkọ̀ mọ́ la ó fi ra epo sínú jẹnẹrétọ̀. Owó iná tí ọ́fíìsì ń san tẹ́lẹ̀ ti di ẹrù ìdílé nìyẹn, ti dátà sì ń bẹ lẹ́yìn. (Ká má tilẹ̀ tíì sọ ti ìyá ọkọ tó ní, “Ìyàwó mi, nígbà tó ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí, wá bá mi ṣa ẹ̀wà.”)

Lójú tèmi, kí ìjọba tó bá fẹ́ ká ti ilé ṣiṣẹ́ kọ owó iná àti dátà sínú ìwé owó oṣù, lọ́tọ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ yóò ti rí i.